Nọ́ńbà Àárọ̀ láti Oǹdó

Hull, England
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹsàn-án, 2023

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ẹ kú ìfaradà òjò, ẹ kú àmójútó ilé. Mo kí Àǹtí Modúpẹ́, àbúrò yín tó ń bá yín gbélé. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹ̀gúsí tí wọ́n dì fún mi kò tíì tán, mò ń fi ṣíbí kékeré bù ú ni. Ọ̀rẹ́olúwa ọmọ mi ní kí n kí Bàbá Àgbà. Ó ti ń tún Gẹ̀ẹ́sì mi ṣe níwájú àlejò báyìí. Ẹ̀yin ló fi jọ, ẹ má bi mí.

Gbémiga tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì níbí ń bọ̀ wálé sí Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó yà sí Oǹdó kó fi àpò kan lé yín lọ́wọ́. Súwẹ́tà wà níbẹ̀, tíì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo torí rẹ̀ di àpò náà ni ẹ̀rọ kékeré kan tó dà bí ohun tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn. Ẹ ó la ẹnu rẹ̀, ẹ ó ti ìka ìfábẹ̀lá bọ̀ ọ́, nọ́ńbà méjì ni yóò jáde. Ti òkè ni ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ti ìsàlẹ̀ ni bí ọkàn yín ṣe ń lù. Ti òkè ni mò ń wá. Bó bá ti jẹ́ márùndínlọ́gọ́rùn-ún sókè, kí a máa dúpẹ́. Bó bá lọ sí ìsàlẹ̀ àádọ́rùn-ún, ẹ má dúró mu ẹ̀kọ, kí Àǹtí gbé yín lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní mo ti tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú níbí. Mo ti rí ẹni tó jókòó tó ń rẹ́rìn-ín, tó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, tí mo ti ìka rẹ̀ bọ irú ẹ̀rọ yìí, tó sì ka ọgọ́rin. Gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Èmi alára, mo máa ń yẹ ara mi wò kí n tó jáde àti nígbà tí mo bá wọlé, Ọ̀rẹ́olúwa náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé ó ti ń pọ̀ jù. N kò lè jáwọ́.

Ẹ sì mọ ohun tó fà á. Nígbà tí Màmá ṣàìsàn, ẹ sọ fún mi pé ibà ni. Ẹ ní wọ́n ti ń jẹun. Ọjọ́ tí mo gbọ́ òótọ́, ẹ ti sin wọ́n, iyẹ̀pẹ̀ ti gbẹ lórí wọn. Ẹbí ní a kì í tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó wà lókèèrè, kó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe. Mo ti dárí jì yín, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní fi nǹkan pamọ́ fún mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, láràárọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Láti ìgbà Àjíǹde lẹ ò ti gbé fóònù mọ́, ẹ ní lẹ́tà lẹ fẹ́. Ó dáa, mo ti gbà. Kí Àǹtí máa ya àwòrán nọ́ńbà náà àti lẹ́tà yín, kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí wọ́n ṣe ń ṣe, èmi náà á máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwé ìgbélùú tí mo béèrè fún kò tíì jáde. Wọ́n ní bí mo bá fi ìlú yìí sílẹ̀ kó tó jáde, gbogbo rẹ̀ di òfo, tèmi àti ti ọmọ. Ẹ máa bá wa gbàdúrà.

Èmi ni, ọmọ yín tí kì í sùn,
Tolúwalọpẹ́


Òdòjọmù, Oǹdó
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹsàn-án, 2023

Tolúwalọpẹ́ ọmọ mi,

Kú iṣẹ́, kú òtútù. Mo rí lẹ́tà rẹ, mo sì rí Gbémiga. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ó fi ṣíbí jẹ iyán, Modúpẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Súwẹ́tà náà dára. Modúpẹ́ náà ló ń wọ̀ ọ́.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú lẹ́tà rẹ. Mo ti fi bírò pupa fa ìlà sí wọn, ṣùgbọ́n n kò ní dá a padà.

Nọ́ńbà tó jáde lójú ẹ̀rọ láàárọ̀ yìí ni mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Nígbà tí mò ń ṣe tísà ní Ìta-Ògbólú, ọmọ tó bá gba irú máàkì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ẹni tó jókòó tì í ni mo máa kọ́kọ́ wò. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi rántí Modúpẹ́. Ó ní kí n má sọ ìtàn yẹn fún ẹnikẹ́ni mọ́, àmọ́ ṣé ìwọ náà wá di ẹnikẹ́ni? Ní Ìgbàrà-Òkè ni, ó wọ aṣọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó jókòó sórí àga ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ ṣe ìdánwò ìṣirò fún un. Kò mọ̀ pé èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n rán wá ṣọ́ gbọ̀ngán lọ́jọ́ náà. Mo fà á lọ́wọ́ jáde lójú gbogbo ayé. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jókòó ṣe ìdánwò kankan mọ́. Títí dòní, bí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, mo ti mọ̀ pé ìtàn yẹn ló rántí.

O mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ fóònù. Ẹ̀rọ tí ń mú ènìyàn sọ ohun tí kò tíì rò ni. Lẹ́tà ni tèmi. Mo sì ti fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn ìsàlẹ̀ tí mò ń kọ láti ọjọ́ yìí, mo ti fà á lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ni mò ń jókòó báyìí, lábẹ́ fáànù, ibẹ̀ tutù dáadáa.

Ọmọ ló máa ń ní kí ìyá òun má sùn. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí tó ní kí ọmọ òun àti bàbá òun má sùn. Yọ ìka Ọ̀rẹ́olúwa kúrò nínú ẹ̀rọ, jẹ́ kó máa ṣeré.

Bàbá rẹ,
Olúwọlé Akínsànyà


Hull
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹwàá, 2023

Bàbá mi,

Ẹ kú ìsinmi, sà. Ẹ ṣé fún àwọn nọ́ńbà tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sùn bí ẹni tí wọ́n bọ́ ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ó ń jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún lónìí, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún lọ́la, ó tún padà sí mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Nígbà tó yá ni ọkàn mi wá ń bi mí pé ṣé àgbàlagbà kì í ní ọjọ́ tí ara ò dá ni?

Gbémiga ti padà dé. Ó ń yìn yín, ó ní ẹ pa òun lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ kan láìmọ̀. Ó ní orí àga lẹ ti juwọ́ sí òun nígbà tí òun ń lọ. Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sin àlejò dé ojú títì, tí Màmá á máa pariwo pé ọbẹ̀ ń tutù! Ó tún ní ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ̀ ń dákẹ́ díẹ̀. Ó rò pé bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Oǹdó nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí Àǹtí ya àwòrán ìka yín nínú ẹ̀rọ náà, kí n rí i pẹ̀lú nọ́ńbà. Kì í ṣe pé n kò gbà yín gbọ́. Ẹ má bínú sí mi, sà.

Tolú yín


Òdòjọmù, Oǹdó
Ọjọ́ kejì, oṣù Kọkànlá, 2023

Tolúwalọpẹ́,

Lẹ́tà rẹ pẹ́ lọ́wọ́ mi kí n tó fèsì, torí inú bí mi. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ nínú gbọ̀ngán. N kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ tí mo bí á dúró sí mi lẹ́yìn, táá máa wo abẹ́ tábìlì mi.

Orúnkún ló mú mi jókòó kí Gbémiga. Orúnkún kò sí lára ohun tí ẹ̀rọ rẹ ń kà.

Nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ láàárọ̀ yìí: mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.

Ó dáa, ìbínú náà ti lọ. Modúpẹ́ se ọbẹ̀ marúgbó lánàá, mo jẹ díẹ̀. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o fetí sí nìyí: má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ wálé ní Kérésì yìí. Jókòó ti ìwé yẹn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ la tà kí o tó lè wọ ọkọ̀ òfúrufú, ẹkún ló sì sun lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé e, bó tilẹ̀ sọ fún ọ pé òun ò ránṣọ mọ́. Bí ìwé náà bá di òfo, tiwa méjèèjì ló di òfo.

Ní kí Ọ̀rẹ́olúwa kọ ìlà mẹ́ta fún mi. Mo fẹ́ rí bó ṣe ń kọ̀wé.

Bàbá rẹ


Hull
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kọkànlá, 2023

Àǹtí mi,

Ẹ kú ilé, mà. Ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí, torí lẹ́tà Bàbá ti dáwọ́ dúró. Nọ́ńbà nìkan ló ń wọlé láràárọ̀, ẹ̀yin lẹ sì ń tẹ̀ ẹ́. Ìlà mẹ́ta tí wọ́n ní kí Ọ̀rẹ́olúwa kọ, ó kọ mẹ́jọ, ó ti fi ránṣẹ́, kò sì rí èsì. Ó ń bi mí bóyá òun ṣì í kọ ni.

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Ẹ ya àwòrán ìka Bàbá nínú ẹ̀rọ náà fún mi, ẹyọ kan ṣoṣo.

Tolú


Oǹdó
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kejìlá, 2023

Tolú,

Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní jẹ́ ká rímú mí. A kí ọ, a kí Ọ̀rẹ́olúwa, ó kọ ọ́ dáadáa, Bàbá ti fi lẹ́tà rẹ̀ sínú Bíbélì. Àwòrán tí ò ń dà wá láàmú sí nìyí. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ṣé ó ti tó ọ báyìí? Lọ sùn.

Àǹtí rẹ,
Modúpẹ́


Hull
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejìlá, 2023

Bàbá, Àǹtí, ẹ̀yin méjèèjì,

N kò kí yín. Ẹ má bínú, ẹnu mi wúwo.

Ìka yẹn kì í ṣe ìka bàbá mi. Ìka ìfábẹ̀lá bàbá mi wọ́. Àdá ló gé e nígbà tí wọ́n ń la kòkó lóko bàbá wọn, kò sì nà tán mọ́ láti ìgbà náà. Ìka yẹn ni mo máa ń dì mú tí wọ́n bá ń mú mi lọ sílé ìwé, torí ọwọ́ mi kéré, kò lè ká gbogbo ọwọ́ wọn. Bí ẹ bá di mí lójú, màá mọ̀ ọ́n láàárín ọgọ́rùn-ún ìka. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ nà tààrà, àpá iná sì wà ní oríkèé rẹ̀. Àǹtí, epo tó ta sí yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi ni. Èmi ni mo fi omi sí i fún yín.

Ẹ tún ti ṣe é. Ẹ ṣe é fún mi nígbà ti Màmá, mo gbà. Ẹ tún ti ṣe é. Ẹ̀ ń fún mi ní nọ́ńbà bí ẹni ń fún ọmọdé ní súìtì kó lè dákẹ́, èmi aláìlọ́gbọ́n sì ń lá a láràárọ̀.

Mo ti ń wo tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ìwé náà di òfo.

Tolúwalọpẹ́


Òdòjọmù, Oǹdó
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kejìlá, 2023

Tolú mi,

Jókòó kí o tó kà á. Ìlà mi kò gún, má fi bírò pupa sí i.

Ìka Modúpẹ́ ni, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí Gbémiga lọ tán, mo ti ìka tèmi bọ ẹ̀rọ náà, ó ka mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ lọ́nà. Mo ní kí Modúpẹ́ ti tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ka mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Mo wo àbúrò mi títí, mo ní kó jókòó ṣe ìdánwò yìí fún mi. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ ò ní fà mí jáde lọ́tẹ̀ yìí?" A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà la sunkún, àwa àgbà méjì.

Bí o bá tún àwọn lẹ́tà mi kà, o ò ní rí ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ìka mi ni. Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ ni mo kọ. Mo rò pé ọgbọ́n yẹn á jẹ́ kí n pa ìlérí tí mo ṣe fún ọ mọ́. Èrú ni, Tolú. Mo ti lé ọmọ jáde nítorí ohun tó kéré sí i.

Ṣáájú Àjíǹde ni dókítà ní Àkúrẹ́ ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi ti le, kò sì ní rọ̀ padà. Ọ́síjìn lè mú un rọrùn, kò lè wò ó sàn. Ìgbà náà ni mo pa fóònù tì. N kò lè sọ gbólóhùn kan parí láìdúró, o máa gbọ́ ọ. Nínú lẹ́tà, mo lè sinmi láàárín ọ̀rọ̀ méjì, o ò ní mọ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kọ èyí, oòrùn ti kọjá orí ilé báyìí.

Má wá. Èmi bàbá rẹ ni mo ń bẹ̀ ọ́. Bí o bá wá, wàá jókòó tì mí, wàá máa wo bí mo ṣe ń mí, nígbà tí o bá sì yíjú padà, ìwọ àti ọmọ ò ní ibi tí ẹ máa padà sí. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí ju ikú lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo lè ṣe fún ọ. Mo ti pe àwọn ẹbí jókòó. Wọn ò ní sin mí lẹ́yìn rẹ.

Bàbá rẹ, tó ṣèrú


Hull
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá, 2023

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrora. Ẹ kú ìfaradà. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́. Mo kí yín ní ìlọ́po nítorí pé n kò kí yín níjọ́sí, ó sì ti ń dùn mí láti ọjọ́ náà.

Yàrá ìsinmi ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Nígbà tí mo délé, mo ṣí ojú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó ku kí n tẹ ibì kan. Ọ̀rẹ́olúwa wọlé pẹ̀lú báàgì ilé ìwé lẹ́yìn, ó ní ebi ń pa òun. Mo pa ojú ìwé náà dé. N kò tíì mọ̀ bóyá ohun tó dáa ni mo ṣe. Bí mo bá dúró, mo jẹ̀bi yín. Bí mo bá wá, mo jẹ̀bi rẹ̀.

Mo máa dúró, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi náà. Ẹ lọ sí Àkúrẹ́, kí wọ́n fi ọ́síjìn sí yín nímú. Ìka tiyín ni kí ẹ máa tì bọ ẹ̀rọ. Bó jẹ́ àádọ́ta ló kà, ẹ kọ àádọ́ta, ìyẹn ni mo fẹ́. Kí ẹ sì gbé fóònù tí mo bá pè. Ẹ má sọ ohunkóhun. Èmi ni n ó máa sọ̀rọ̀, ẹ kàn máa mí.

Àǹtí mi, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo kọ. Ẹ̀yin náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ẹ máa yẹ ara yín wò, àmọ́ orúkọ ara yín ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́.

Tolú


Ọsibítù, Àkúrẹ́
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kìíní, 2024

Tolú,

Ìka tèmi. Mọ́kàndínláàdọ́rùn-ún, pẹ̀lú ọ́síjìn. Wo àwòrán, wo bó ṣe wọ́.

Mo gbádùn ìpè àná. O máa ń sọ̀rọ̀ jù. Tún pè lọ́la.

Bàbá


Àkúrẹ́
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kìíní, 2024

Tolú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Kú ọ̀fọ̀. Kú ara fẹ́ra kù. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ pè, kí n tó pe ẹnikẹ́ni, bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹkún nìkan la sun lórí fóònù, o sì ní kí n sọ fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo wá kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti kó àrùn lẹ́tà ràn mí.

Lẹ́yìn ìpè rẹ àárọ̀ àná ni. Mo nu ojú wọn, mo fi omi sí wọn létè. Wọ́n ní, "Ṣé Tolú ti tibi iṣẹ́ òru dé?" Mo ní o ti dé. Wọ́n sinmi. Wọ́n ní, "Ṣé ó ti sùn?" Mo ní o ti sùn. Wọ́n ní ó dáa. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu wọn mọ́. Àìsàn la lè wò, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Àwọn nọ́ọ̀sì gbìyànjú, má bínú sí wọn.

Àwọn àgbà ẹbí tí bàbá rẹ pè jókòó ti wá láti Oǹdó, wọ́n ti yí ohùn padà. Wọ́n ní a kì í fi òkú àgbà pamọ́ nítorí ìwé òyìnbó, kí a sin wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n dúró ní ipò rẹ, kí n da iyẹ̀pẹ̀ ọmọ sí sàréè fún ọ. Mo dìde láàárín wọn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ti fà mí jáde lẹ́ẹ̀kan torí mo jókòó sórí àga ẹlòmíràn, mo tún ti ṣe irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nítorí tiwọn, n kò ní ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Mo ní àga Tolú ni, kí ó wà lófìfo títí yóò fi dé. Wọ́n bínú, wọ́n bá ọkọ̀ wọn lọ. Bàbá rẹ wà ní mọ́ṣúárì níbí ní Àkúrẹ́. Kí ìwé rẹ jáde nígbà tó bá fẹ́ jáde. A ó dúró.

Mo kó ẹrù wọn láti ọsibítù. Súwẹ́tà, Bíbélì tí lẹ́tà Ọ̀rẹ́olúwa wà nínú rẹ̀, àti ẹ̀rọ náà. Láàárọ̀ yìí mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti ìka mi bọ̀ ọ́. Ó ka mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Mo wò ó, mo sunkún.

Àwòrán rẹ̀ nìyí. Orúkọ ara mi ni mo fi ránṣẹ́.

Modúpẹ́